Àkànní Kò Gbọ́ Yorùbá

Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dé Ìlú Ọba ni mo lọ bá obìnrin kan tó jókòó sídìí tábìlì nílé ìkàwé tó wà ládùúgbò wa, mo ní kó jọ̀ọ́, kó bá mi wá Àkànní. Ó ní ta ni Àkànní. Mo ní ará Amẹ́ríkà ni, ó ga, ó máa ń tẹ fìlà rẹ̀ sọ́wọ́ ọ̀tún, bó bá sì fẹ́ bínú, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ rín. Obìnrin náà mú bírò. Ó ní ìgbà wo ni mo rí i gbẹ̀yìn. Mo ní Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ tí mo wọ bàálù ni, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, ní pálọ̀ bàbá mi. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó wá fi sùúrù sọ fún mi pé bí ẹ̀gbọ́n mi bá sọnù, ilé ìkàwé kọ́ ni wọ́n ti ń wá èèyàn, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni kí n lọ.

Mo jáde níbẹ̀, ojú ń tì mí, inú sì ń bí mi. Obìnrin náà kò ṣẹ̀ mí o. Ara mi ni mo ń bínú sí, pé odindi èmi tí mo jáde girama, tí mo fò kọjá òkun wá kọ́ akáúntì, n kò mọ orúkọ gidi tí ọkùnrin tí mo fẹ́ràn jù láyé ń jẹ́.

Ẹ má tíì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Òwu ni ilé wa, ní Abẹ́òkúta. Aṣọ ni bàbá mi ń tà ní ọjà Ìtòkú, òun ló sì kọ́kọ́ ra tẹlifíṣọ̀n ní agbo ilé wa. Àpótí náà ní ilẹ̀kùn méjì àti kọ́kọ́rọ́, àpò bùbá Bàbá ni kọ́kọ́rọ́ náà máa ń wà. Bí àwọn ọkùnrin bá ti kírun Àlàásárì tán lọ́jọ́ Sátidé, Bàbá á ṣí àpótí náà, nítorí àkókò yẹn ni wọ́n máa ń fi fíìmù àwọn ará Amẹ́ríkà hàn, àwọn ti àtijọ́, dúdú àti funfun. Àwọn obìnrin á ká ẹní wá láti ilé mẹ́ta, mẹ́rin. Bàbá á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, á sì máa túmọ̀.

Ó ti ṣe kíláàkì nílé ìtajà òyìnbó nígbà èwe rẹ̀, nítorí náà òun nìkan ni etí rẹ̀ mú òyìnbó orí imú yẹn. Èmi náà kọ́ òyìnbó níléèwé, ṣùgbọ́n òyìnbó tí tíṣà fi ń kọ́ wa yàtọ̀ sí èyí tí àwọn wọ̀nyí ń sọ, àfi bíi pé oúnjẹ wà lẹ́nu wọn. Ẹnu Bàbá ni èmi náà ń wò.

Bàbá kì í sì í ṣe ògbufọ̀ tó ń wí pé "ó ní báyìí, òun náà ní báyìí". Rárá o. Bàbá á di àwọn ènìyàn náà ni. Ó ní ohùn fún akitọ̀, ó ní ohùn fún ìyàwó, ó sì ní ohùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ kan fún òǹrorò onírùngbọ̀n tín-ín-rín tí gbogbo wa ń pè ní Bọ́ọ̀sì, ọ̀gá àwọn èèyàn burúkú. Òun ló sọ akitọ̀ náà ní Àkànní. Ó ní irú ọmọ tó wuni báyìí, oríkì ló yẹ kí á máa fi pè é. Obìnrin olójú ńlá tó máa ń bá a ṣeré, ó sọ ọ́ ní Àṣàkẹ́. Bí orúkọ wọn gidi bá ń kọjá níbẹ̀rẹ̀ fíìmù, àwọn èèyàn ṣì ń jà sí àyè orí ẹní, ta ló máa rójú kà á? Bó bá sì di ìparí, Bàbá ti pa ilẹ̀kùn àpótí dé, ó ní ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ sinmi.

Ohun tó burú jù ni pé ìtàn kan ṣoṣo ni gbogbo fíìmù wọ̀nyẹn lójú Bàbá. Bí Àkànní bá jẹ́ lọ́yà lọ́sẹ̀ yìí, tó di adamàlúù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, Bàbá á ṣàlàyé pé ó ti fi iṣẹ́ lọ́yà sílẹ̀, irọ́ ti pọ̀ jù níbẹ̀. Bí Àṣàkẹ́ bá di ọkùnrin mìíràn lọ́wọ́ mú, á ní ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Gbogbo wa gbà á gbọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀, àwọn obìnrin á máa bi ara wọn lẹ́bàá kànga pé kí ni wọ́n rò pé Àkànní máa ṣe sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí Bọ́ọ̀sì fẹ́ jí gbà. Ní pálọ̀ wa, Àkànní kò kú rí, Àṣàkẹ́ kò sì fi ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ rí. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ kò tíì ṣàánú agbo ilé wa tó bẹ́ẹ̀, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Bàbá pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí tẹ fìlà rẹ̀ sọ́wọ́ ọ̀tún. Wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní mọ́ṣáláṣí, kò kà á sí.

Mo dé Lọ́ńdọ̀nù, mo gba yàrá kan lókè àjà ilé arúgbó kan. Òtútù ibẹ̀, ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n, gbogbo ẹni tó lọ ló ti sọ ọ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni ìdákẹ́jẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo kí ọkùnrin kan tó ń gbé ní ilé kejì, mo ní ẹ káàárọ̀ sà, ó bojú wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni mo ń kí. Láti Òwu dé Ìtòkú, ẹ ò lè rìn ín kí orúnkún yín má kan ilẹ̀. Níbí, mo lè lo ọjọ́ mẹ́rin kí n má la ẹnu sọ ju "tánkíù" lọ. Nígbà mìíràn mo máa ń jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, màá máa sọ ọ̀rọ̀ Àkànní lóhùn Bàbá, kí n ṣáà lè gbọ́ Yorùbá.

Akáúntì tí mo wá kọ́ kò gbà mí. Kí n má fi bò, n kò ka ìwé náà dáadáa, ọkàn mi kò sí níbẹ̀. Mo ṣe ìdánwò ọdún kìíní, mo feélì. Mo tún un ṣe, mo tún feélì. Wọ́n kọ lẹ́tà sí mi pé kí n má wulẹ̀ padà wá mọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo ní láti bá ilé sọ̀rọ̀. Ọ̀rẹ́ Bàbá kan ní tẹlifóònù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìtòkú. Màá ti kọ lẹ́tà ṣáájú pé ọjọ́ báyìí, aago báyìí, Bàbá á sì lọ dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àǹtí mi Sìdí, àbúrò rẹ̀ obìnrin, àti ẹnikẹ́ni tó bá ráyè. Bàbá ni yóò gbá tẹlifóònù mọ́ etí, á máa túmọ̀ fún àwọn tó kù, bíi pé èmi náà ń sọ òyìnbó. Bàbá ní báwo ni ìdánwò. Mo ní a dúpẹ́, ó lọ dáadáa. Mo gbọ́ ọ tó yíjú sí wọn: "Ó ní òun ló ṣe ipò kìíní." Àwọn obìnrin bú sáyọ̀. N kò sọ pé mo ṣe ipò kankan. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́kọ́ purọ́?

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè é ní Bàbá Akáúntáǹtì. Sìdí kọ ọ́ sínú lẹ́tà, ó ní bí Bàbá bá ń kọjá ní Ìtòkú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á dìde kí i, ayọ̀ rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Mo ka lẹ́tà náà, inú mi bà jẹ́. Mo mọ̀ pé ọjọ́ tí òtítọ́ bá délé, ojú bàbá mi ni yóò kọ́kọ́ tì.

Mo wá iṣẹ́, mo rí iṣẹ́ agbálẹ̀ ní ilé sinimá kékeré kan. N kò mọ irú sinimá tó jẹ́. Mo gbá ilẹ̀ ibẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, mo fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo ń yọ ṣingọ́ọ̀mù lára àga. Lọ́jọ́ kẹrin, iṣẹ́ mi pẹ́ díẹ̀, wọ́n pa iná, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ fíìmù ọ̀sán nígbà tí mo ṣì wà lẹ́yìn pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Dúdú àti funfun ni. Ilẹ̀kùn kan ṣí, ọkùnrin kan wọlé, ó tẹ fìlà sọ́wọ́ ọ̀tún.

Mo jókòó lójijì sórí àga tó wà nítòsí.

Àkànní mi. Ojú rẹ̀ gbòòrò ju ògiri pálọ̀ wa lọ. Ní Abẹ́òkúta, inú àpótí kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n, n kò mọ̀ pé ìpéǹpéjú rẹ̀ máa ń gbọ̀n bó bá fẹ́ purọ́. Ó wá la ẹnu, ó sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà kò sì jáde lóhùn Bàbá. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín díẹ̀, ó ń gba imú jáde. Mo fi ìgbálẹ̀ bo ẹnu, mo ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú mi. Ọdún méjì ni mo ti lò ní Ìlú Ọba, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí ẹni tí mo mọ̀.

Fíìmù tí à ń pè ní ti ọkọ̀ ojú omi nílé wa ni. Mo mọ gbogbo rẹ̀, àfi ìparí. Bí Bàbá ṣe sọ ọ́ fún wa, Àṣàkẹ́ wọ ọkọ̀ lọ kó ẹrù rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, á padà dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kí wọ́n lè ṣe ìgbéyàwó. Irọ́ ni. Obìnrin náà lọ pátápátá ni. Kò bojú wẹ̀yìn. Àkànní dúró ní èbúté, fìlà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wò títí ọkọ̀ fi di kékeré. Ó wá dé fìlà náà, ó yí padà, ó ń rìn lọ. Ó parí.

Mo sunkún débi pé obìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì wá bá mi. Dórísì lorúkọ rẹ̀, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ó ní kí n máa pe òun ní Dórísì, mo ní ká má rí i, Màmá Dórísì ni mo ń pè é. Òun ló wá sọ orúkọ Àkànní gidi fún mi. Òun náà ló sọ pé ó ti kú. Ó ní ó ti kú tipẹ́, nígbà tí mo ṣì wà ní ọmọ ọwọ́ bóyá. Mo ní "Ìnnà lilláhi". A ti ń ṣàdúrà fún un ní Òwu lọ́dọọdún bí Ramadan bá dé, pé kí Ọlọ́run fi í mọ̀nà.

Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀gá ibẹ̀ gbà kí n máa jókòó wo fíìmù bí iṣẹ́ mi bá parí. Mo wo gbogbo wọn. Mo rí i pé Àkànní kú nínú mẹ́fà, pé Àṣàkẹ́ fẹ́ Bọ́ọ̀sì nínú ọ̀kan, ó sì fẹ́ràn rẹ̀. Inú bí mi sí Bàbá fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó yá, inú mi rọ̀, nítorí àwọn fíìmù náà dára ju bí ó ṣe sọ ọ́ fún wa lọ, ẹwà wọn kò sì sí nínú ìparí wọn rárá.

Mo ti ronú sí i gan-an, ohun tó mú kí àwọn òṣèré àtijọ́ wọ̀nyẹn má gbó. Mo ti wo àwọn fíìmù tuntun pẹ̀lú, ariwo àti ẹ̀jẹ̀ ni. Nínú ti àtijọ́, bí ọkùnrin bá wọ yàrá, á ṣí fìlà, ìbáà jẹ́ pé ó wá jà ni. Wọ́n mọ bí a ti ń bínú tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Bí obìnrin bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ẹnikẹ́ni kò ní kán an lójú, ẹ̀rọ ayàwòrán pàápàá á dúró dè é. Ìmọ́lẹ̀ á wá bà lé e lójú bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń bà lé èèyàn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà nírọ̀lẹ́. Lójú yẹn, ẹ máa rí gbogbo ohun tó ń rò, kó tó sọ ọ́. Mo rántí pé Sìdí máa ń sunkún kí Bàbá tó túmọ̀. Kò gbọ́ òyìnbó kankan. Ojú Àṣàkẹ́ ló ń gbọ́.

Màmá Dórísì sọ fún mi pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lòun nígbà tí òun kọ́kọ́ wo ti ọkọ̀ ojú omi yẹn, pẹ̀lú ọmọkùnrin kan tó lọ sógun, tí kò padà. Ó máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ètè rẹ̀ á máa bá wọn sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Irun rẹ̀ ti funfun báláú. Àkànní kò tíì pé ogójì, kò sì ní pé e láéláé. Èmi ará Òwu àti ìyá òyìnbó yìí, kí ló pa wá pọ̀? Ọkùnrin kan tí kò mọ̀ pé a wà láyé ni. Ibẹ̀ ni ara mi ti kọ́kọ́ balẹ̀ nílẹ̀ àjèjì.

Ọdún kẹfà tí mo ti kúrò nílé ni Sìdí kọ̀wé pé ojú Bàbá ń ṣú. Dókítà ní ó ti pẹ́ jù, kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe sí i mọ́. Àwọn obìnrin ṣì ń ká ẹní wá ní Sátidé, ṣùgbọ́n Bàbá kò rí ohun tó fẹ́ túmọ̀. Ó jókòó sórí àga rẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo pè é, ohun tó bẹ̀ mí fún kò ju ẹyọ kan lọ. Mo ti sọ fún un nínú lẹ́tà pé ilé sinimá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì mi, tí mo ti ń wo Àkànní. Ẹ gbọ́, ọ́fíìsì mi. Ó ní kí n máa wo fíìmù náà fún òun, kí n sì máa sọ ọ́ fún òun lórí tẹlifóònù.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ògbufọ̀. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, lọ́sàn-án Sátidé, màá dúró nínú àpótí tẹlifóònù lẹ́bàá òpópónà, màá sọ fíìmù kan fún bàbá mi, òun á sì sọ ọ́ fún ṣọ́ọ̀bù. Mo sọ ọ́ bí òun ṣe máa ń sọ ọ́. Àkànní kò kú lẹ́nu mi. Mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀, mo sì mọ̀ pé mo ń ṣe dáadáa. Bí a bá parí, á ní iṣẹ́ ńkọ́, màá ní iṣẹ́ ń lọ, ọ̀gá mi fẹ́ràn mi. Irọ́ ti wọ̀ mí lára bí aṣọ ilé.

Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ìyá mi, sọ ti ọkọ̀ ojú omi fún mi." Ìyá mi ló máa ń pè mí, nítorí lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀ ni wọ́n bí mi. Mo sọ ọ́. Mo sọ ọ́ dùn-ún-dùn-ún, títí dé ibi tí Àṣàkẹ́ ti lọ kó ẹrù, tó sì padà dé, tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ tó ní kí Sìdí lọ bá òun bu omi tútù wá. Ó dúró títí Sìdí fi jáde.

"Obìnrin yẹn kò padà," ni Bàbá wí, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

Mo ní báwo ni.

"Mo ṣiṣẹ́ nílé ìtajà òyìnbó fún ọdún mẹ́wàá, mo gbọ́ ohun tó wí. Ó ní òun ń lọ, ó sì lọ. Sìdí wà lórí ẹní lọ́jọ́ yẹn. Ọkọ rẹ̀ ti lọ sí Àbíjàn láti ọdún kan, kò kọ lẹ́tà. Ṣé kí n la ẹnu sọ ìyẹn lójú rẹ̀? Mo yí ìtàn náà padà nítorí ẹni tó jókòó níbẹ̀. Ìwọ ńkọ́, nítorí ta ni o fi ń yí i padà?"

Mo ní nítorí tiyín ni, Bàbá.

"Èmi kì í ṣe Sìdí. Sọ ọ́ bó ṣe rí."

Mo sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo sọ èbúté, mo sọ bí ọkọ̀ ṣe di kékeré, mo sọ bó ṣe dé fìlà tó sì yí padà. Ó ní "hẹ̀n-ẹ́n" lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ó mà dára o."

"Wá sọ tìrẹ fún mi báyìí," ni bàbá mi wí, "bó ṣe rí."

Mo ro Bàbá Akáúntáǹtì, mo ro àwọn tó ń dìde kí i, mo ro bí ṣọ́ọ̀bù náà ṣe máa ń kún. Mo lè purọ́ sí i. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń pa á. Ṣùgbọ́n ó ti mọ̀, mo gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀ pé ó ti mọ̀ tipẹ́, kò kàn mọ irú irọ́ tó jẹ́ ni.

"Ilé ìwé ti lé mi, Bàbá. Mo feélì lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò jókòó sí ọ́fíìsì kankan. Ilé sinimá yẹn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo ń gbá a, èmi ni mo ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn."

Ó ní ṣé wọ́n ń jẹ́ kí n jókòó wò ó. Mo ní wọ́n ń jẹ́ kí n wò ó, ojoojúmọ́. Ó ní ṣé inú mi ń dùn síbẹ̀. Mo ní inú mi ń dùn síbẹ̀ ju ibikíbi tí mo ti dé nílùú yìí lọ, òtítọ́ sì ni.

Sìdí ti bu omi dé. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń béèrè pé kí ni mo wí. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń retí. Mo di ojú mi. Mo mọ ohun tí bàbá mi lè ṣe. Kí wọ́n tó ṣẹ́jú, ó lè sọ mí di ẹni tó ni sinimá náà, wọn yóò sì gbà á gbọ́.

"Ó ní ilé ìwé ti lé òun," ni bàbá mi wí fún wọn, kò sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Ó ní ilé sinimá kan lòun ń gbá ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní òun ló ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn. Ó ní inú òun ń dùn níbẹ̀." Mo rò pé yóò fi nǹkan kún un. "Ohun tó wí nìyẹn. Ọmọ mi ni."